Adéṣẹwà, Òṣèré àti Oníjó

 

Ní nǹkan bí ọdún 1945, bí ọmọbìnrin kan bá sọ nílé pé eré ìtàgé ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun, ariwo ni yóò gba ilé náà kan. Alárìnkiri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òṣèré sí. Ta ni yóò fẹ́ ẹ?

Ìṣòro tí Hubert Ògúndé bá pàdé nìyí nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní Èkó. Ó kéde pé òun ń wá obìnrin, òun yóò sì sanwó fún wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1946, nínú eré Tiger's Empire, àwọn obìnrin jáde gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ orí ìtàgé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú eré Yorùbá.

Olókìkí kan nínú àwọn òṣèrébìnrin ìgbà náà ni Clementina Adéṣẹwà Ògúntìmírìn. Ní 1947, òun àti Ògúndé lọ sí London, wọ́n sì kọ́ ijó lọ́dọ̀ Buddy Bradley, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kọ́ gbajúmọ̀ oníjó bíi Adele Astaire. Wọ́n kọ́ ijó tap níbẹ̀. Bàtà tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ nídìí ni wọ́n ń wọ̀ jó o. Nínú ijó bàtá tiwa, ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn. Nínú ijó tap, ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìlù.

Ògúndé fi Adéṣẹwà ṣe aya. Nígbà tó yá, ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin mìíràn pẹ̀lú, kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin ń ṣe eré, kò sí ẹni tó bi í léèrè ilé ọkọ, obìnrin ní láti fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè dúró.

Ní 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adéṣẹwà nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Ẹnu iṣẹ́ ni ikú bá a.

Lónìí, ní Ìbàdàn níbí, àwọn ọmọbìnrin ń gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ eré ìtàgé, àwọn òbí wọn sì ń bá wọn ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ ẹni tó la ọ̀nà náà. Bí ọmọbìnrin yín bá sì mọ ijó, ẹ má ṣe bi í pé ta ni yóò fẹ́ ẹ. Ẹ bi í bóyá ó ṣe tán láti kọ́ ọ dáadáa.