Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Wáyà Lórúkọ: Yíyan Wáyà fún Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Níbi Tí Gáàsì Wà



Bí ẹ bá dúró ti àwọn oníṣẹ́ iná níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Fóòtì 24 péré ni, kí ló fẹ́ ṣe?" Wọn ò parọ́. Fóòtì 24 kì í gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì kì í ṣe èèyàn. Ohun tí awọ ara wa kò mọ̀ lára, gáàsì á mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ẹ má fi fóòtì nìkan yan wáyà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú afẹ́fẹ́ tí wáyà náà máa gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Wales. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1913, ibi ìwakùsà èédú Universal ní Senghenydd gbiná lábẹ́ ilẹ̀. Awakùsà 439 ló kú, ẹnì kan nínú àwọn tó wá yọ wọ́n sì bá a lọ. Títí di òní, kò sí ìjàǹbá ìwakùsà tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì. Àwọn tó wádìí rẹ̀ kò rí okùnfà kan mú dájú, àmọ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fura sí ni aago ìpè. Wáyà méjì tí kò ní ìbora ni wọ́n nà gba inú ihò. Bí awakùsà bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, á fi irin kan àwọn méjèèjì pọ̀, aago á sì dún. Iná bátìrì lásán ni.

Àwọn olùwádìí méjì, R. V. Wheeler àti W. M. Thornton, gbé irú aago bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ìpẹ́pẹ́ iná tó ń ta nígbà tí wáyà méjèèjì bá pínyà tó láti tan mẹ́téènì. Kì í ṣe bátìrì nìkan ló ń dá a ṣe: wáyà tí a wé sínú aago ti kó agbára pamọ́, ó wá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni èrò kan ti hù: a lè bu agbára inú wáyà kù débi pé, bó bá tilẹ̀ ta, kò ní lè tan gáàsì.

Kébù pàápàá ń kó agbára pamọ́. Wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí rọ́bà là láàárín, bí àmù omi ló rí. Bí a kò bá mọ iye tí kébù kan ń gbà, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ni pé kí a kà á sí nǹkan bí pikofárádì 200 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ na irú rẹ̀ ní mítà 500, ó di nánófárádì 100. Ẹ fi fóòtì 24 sí i, agbára tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíjúùlù 0.029. Kò tó nǹkan lójú wa. Bẹ́ẹ̀, háídrójìn kò fẹ́ ju bíi mílíjúùlù 0.02 lọ kó tó gbiná, nígbà tí própéènì, tó wà nínú gáàsì ìdáná wa, ń fẹ́ bíi 0.25. Kébù kan náà, fóòtì kan náà: níbi própéènì, ó lè ta kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀, níbi háídrójìn, ó lè sun ilé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé òfin iná Amẹ́ríkà, National Electrical Code, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1897, kọ́kọ́ ń sọ irú ilé tó jẹ́. Class I ni ibi gáàsì àti oru epo, Class II ni ti eruku tó lè gbiná, Class III ni ti fọ́nrán bí òwú. Lẹ́yìn èyí ló ń béèrè ìgbà tí gáàsì ń jáde. Bí ó bá lè wà níta nígbà tí iṣẹ́ ń lọ geere, Division 1 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé inú páìpù àti táǹkì ló wà, tí kì í jáde àfi bí nǹkan bá bàjẹ́, Division 2 ni. Ó wá kù kí a mọ irú gáàsì: Group A ni asẹtilíìnì, èyí tí àwọn wẹ́dà wa ń fi kábáàdì ṣe, B ni háídrójìn, C ni ẹ́tílììnì, D ni própéènì àti oru pẹtiróòlù.

Nísinsìnyí a lè sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀kan nínú orúkọ tí wọ́n sábà ń tẹ̀ sí ara kébù ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ITC. Ìbora rẹ̀ lè gba fóòtì 300, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí a fi ju fóòtì 150 àti áńpíà 5 sínú rẹ̀. Bí wáyà inú rẹ̀ bá tín-ín-rín dé ìwọ̀n 22 AWG, áńpíà 3 ni òpin. Ìbátan rẹ̀ ni PLTC, tí a ń lò níbi tí orísun iná fúnra rẹ̀ ti ní ìdíwọ̀n. A gba àwọn méjèèjì láyè ní Division 2. Ní Division 1, ọ̀rọ̀ yí padà: ITC-HL la ń wá, tí àpò irin rẹ̀ jẹ́ odindi láìní ojú ihò, tí gáàsì kò lè gbà kọjá, tí rọ́bà sì tún bò ó lókè. Ibi iṣẹ́ tí ará ìta kì í wọ̀, tó jẹ́ pé oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀, nìkan ni wọ́n sì ti gbà á. Ọ̀pọ̀ ló ń rí kébù tí irin yí lára tí wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Irin tí a wé lé e lórí bí ọ̀já ní ojú ihò. Lẹ́tà HL yẹn ni ẹ̀rí pé ojú ihò kò sí.

Ọ̀nà kejì ni ti Wheeler àti Thornton: kí a bu agbára kù. A fi ẹ̀rọ ìdènà sí yàrá ìdarí, kí iná tó dé ibi gáàsì má lè tan án. Níbẹ̀, òfin kò béèrè kébù onírin. Ìṣirò ló ń béèrè. Ẹ̀rọ ìdènà oní-fóòtì 28 kò gbà ju nánófárádì 83 lọ níbi háídrójìn. Ká ní ẹ̀rọ ìwọ̀n gba 10, ó ku 73 fún kébù, mítà 365 nìyẹn. Níbi própéènì, 2,150 ló gbà. Kébù lè kọjá kìlómítà 10, bí ìṣirò ìyókù bá gbà á láyè. Bí ẹ bá fẹ́ kun ìbora rẹ̀ láwọ̀ kí ẹ lè dá a mọ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò, ẹ má sì kó irú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ wáyà lásán láìsí àlàfo tàbí ìdábùú. Bí iná láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò bá wọ inú rẹ̀, gbogbo ìṣirò ti bàjẹ́.

Nílé wa, ọ̀pọ̀ àwòrán iṣẹ́ epo àti gáàsì ń tẹ̀ lé ìlànà àjọ àgbáyé IEC, tó ń pe ilé ní Zone 0, 1 àti 2. Division 1 Amẹ́ríkà bo Zone 0 àti Zone 1 pọ̀. Nítorí náà, bí àwòrán bá ń sọ Zone, tí kébù ọjà sì ń sọ ITC, ẹ má rò pé orúkọ kan náà ni. Ìwé òfin kan ni kí ẹ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ yín bá tún sọ pé, "Fóòtì 24 péré ni, ọ̀gá," ẹ má bú u. Ẹ bi í: irú gáàsì wo ló wà níbẹ̀, ìgbà wo ló ń jáde, mítà mélòó ni wáyà yìí? Bí kò bá rí èsì sọ, ẹ ní kó ká wáyà náà padà sórí róòlù rẹ̀.