Ẹ Dáàbò Bo Kámẹ́rà Yín Lórí Alùpùpù

Púpọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ló ń fi fọ́tò yíyà kún owó oṣù, alùpùpù la sì fi ń lọ sóde. Irinṣẹ́ ni kámẹ́rà. Bó bá bàjẹ́, oúnjẹ ilé ló dínkù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé gbígbọ̀n ní í tú nọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń tú skúrù inú lẹ́ńsì. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba kámẹ́rà inú iPhone jẹ́, bí a bá dè é mọ́ ọwọ́ alùpùpù.

Nítorí náà, ẹ má so kámẹ́rà mọ́ káríà. Ẹ gbé àpò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn; ara èèyàn a máa gba ìgbọ̀n náà mọ́ra. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ dé e, kí ẹ fi fóòmù yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé àpò nítorí òjò àti eruku ọyẹ́. Bí ẹ bá délé, ẹ tú ọ̀rá kúrò kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí lẹ́ńsì má baà bu.

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi rán yín lóde, ẹ béèrè àpò tó dára kí ẹ tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ipò tí kámẹ́rà wà sínú ìwé, kí ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ fọwọ́ sí i. Àìsíwèé ni wọ́n fi ń yọ owó òṣìṣẹ́.

Ìṣọ̀kan lagbára wa.