Ìlàjà àti Àwọn Ọ̀dọ́ Àgbádárìgì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)



Àwọn baba wa wí pé, a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Ní etí òkun yìí, níbi tí Ègùn àti Yorùbá jọ ń gbé, bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá wọ kóòtù, baba lè kú kí ọmọ jogún ẹjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlàjà kì í ṣe àjèjì sí wa: níwájú Akran àti àwọn olóyè àdúgbò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ìlú yìí ni àwọn baba wa ti ń parí ìjà.

Ìjọba Èkó náà tẹ̀ lé ọgbọ́n yìí. Ní 1999 ni wọ́n dá ilé ìlàjà aráàlú sílẹ̀, níbi tí tálákà kì í ti í san owó. Ní 2002, ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ní oṣù Karùn-ún 2023, òfin tuntun lórí iṣẹ́ yìí rọ́pò ti 1988. Onílàjà a máa ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn parí ọ̀ràn; ṣùgbọ́n adájọ́ tí àwọn méjèèjì jùmọ̀ yàn yóò gbọ́ tẹnu wọn, ohun tí ó bá sì wí, abẹ gé e.

Ṣùgbọ́n ta ni a ń yàn? Ẹni tí ó ti ṣe é rí ni. Bí a kò bá yan ẹni tí kò ṣe é rí, níbo ni yóò ti ṣe é? Báyìí ni ilẹ̀kùn fi ń tì mọ́ ọ̀dọ́, mọ́ obìnrin, àti mọ́ ọmọ ìlú kékeré. Nítorí irú èyí ni American Arbitration Association, ní 2009, fi orúkọ A. Leon Higginbotham, adájọ́ aláwọ̀ dúdú, dá ètò kan sílẹ̀ láti kọ́ àwọn tí a ń gbójú fò, kí a sì mú wọn súnmọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ náà.

Mo dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ wa máa yan ọ̀dọ́ méjì lọ́dọọdún, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí a san owó ẹ̀kọ́ wọn. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ lọ́yà nìkan: ẹjọ́ ilẹ̀ ń fẹ́ awọnlẹ̀, ẹjọ́ ilé kíkọ́ ń fẹ́ ẹnjiníà, ìjà inú ẹbí sì ń fẹ́ olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n gbọ́ Ègùn àti Yorùbá, nítorí ìyá arúgbó tí ó ń ti ẹnu ògbufọ̀ sọ̀rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa sọnù sọ́nà.

Owó nìkan kò tó. Kí ẹ̀yin àgbà jẹ́ kí wọ́n jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń parí ìjà, kí wọ́n máa wò, kí wọ́n máa gbọ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọmọdé kì í ní àkísà tó àgbà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n lílò ni aṣọ fi ń di àkísà. Ẹ jẹ́ kí a dá aṣọ náà fún wọn nísinsìnyí.

Kí ilẹ̀ wa tòrò.