Ohun Tí Eku Kì Í Gbàgbé

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí nípa oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé eku ń da ìyá kan láàmú ní ojú ọ̀nà Àgọ́ Palace, ní Ìsọlọ̀. Ìyá fi májèlé sínú ẹja gbígbẹ. Eku tọ́ ọ wò díẹ̀, inú rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n kò kú. Láti ọjọ́ náà, kò fi ẹnu kan irú ẹja bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ní àjẹ́ ni eku náà. Kì í ṣe àjẹ́ rárá. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1955, John Garcia, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fún àwọn eku ní omi dídùn mu nígbà tí wọ́n ń tan ìtànṣán tí ń fa àìsàn sí wọn lára. Lẹ́yìn náà, àwọn eku kọ omi dídùn.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìròyìn láti ahọ́n àti ìròyìn láti inú ikùn ń wọ ìdí ọpọlọ. Oríta tí wọ́n ti ń pàdé ni à ń pè ní parabrachial nucleus. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, eku ṣì lè mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò, ṣùgbọ́n kò ní lè kọ́ láti sá fún oúnjẹ tó ṣe é ní ibi. Láti oríta yìí, ìròyìn ń lọ sí amygdala, tí ń kọ́ ni ní ohun tó yẹ ní bíbẹ̀rù, àti sí insular cortex, tí ń mọ̀ bóyá adùn kan jẹ́ àlejò tàbí onílé. Adùn àlejò ni eku tètè ń kórìíra.

Àwa ènìyàn náà ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi oògùn kíkorò pamọ́ sínú ẹ̀kọ mímu tí ọmọ fẹ́ràn. Bí ó bá bì, ẹ̀kọ ni yóò dá lẹ́bi. Ẹ̀kọ kò ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í dúró gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ ẹ̀wà, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí ó jẹ ẹ́ tí àìsàn sì dé.