Ọmọ Tó Ń Lu Kẹ́ẹ̀gì

Ní oríta Àjàṣẹ́-Ìpo lánàá, níbi tí àwọn awakọ̀ Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ti ń pèrò, ọmọdékùnrin kan dojú kẹ́ẹ̀gì òfìfo dé sáàárín orúnkún, ó ń fi igi méjì lù ú, ìlù náà sì ń sọ̀rọ̀! Ìyá alágbàdo kan jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ìlù lo máa jẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi rántí Sunny Adé, olórin jùjú. Ọmọ ọba Oǹdó ni, Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ojú alágbe ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo onílù nígbà náà. Ló bá fi ilé ìwé girama sílẹ̀, ó ní Yunifásítì Èkó lòun ń lọ. Ẹgbẹ́ eléré Moses Ọláìyá ló lọ bá. Irọ́ ò dáa, n kò gbè é. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀? Àwo rẹ̀, Synchro System, tó jáde lọ́dún 1983, ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Grammy.

Ìyá alágbàdo, tẹ́ ẹ bá tún rí ọmọ yẹn láàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ nílù.