Ẹ Má Fò Dé Ibi Ìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi n'Ìwó Olódò Ọba, ọ̀rọ̀ sinimá àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò la fẹ́ sọ lálẹ́ yìí. Mo ṣèlérí pé màá ṣàlàyé bí àwọn adájọ́ ṣe ń pín máàkì fún wọn. A ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ẹjọ́ bàbá tó pè wá láti Gídígbò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá ní mo purọ́ nígbà tí mo ní Rocky, abẹ̀ṣẹ́ inú sinimá Rocky, ò borí, pé ó na Apollo Creed tí wọ́n jọ jà, pé ojú òun báyìí ni. Bàámi, ẹ má bínú, apá kejì lẹ wò! Nínú ti àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 1976, Rocky ò borí. Ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi lu ara wọn, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta sì gbé e fún Apollo. Ọdún 1979 ni apá kejì dé, ibẹ̀ ló ti wá borí. Ẹ bi àwọn tó ń kó sinimá mẹ́wàá sínú àwo kan tà fún wa l'Ódò-Orí, tí wọ́n á fi apá kẹrin ṣíwájú àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ jẹ̀bi jù. Ẹ ó gba sinimá sórí fóònù, ẹ ó máa fi ìka tì í síwájú títí yóò fi kan ìjà. Ẹ ó pariwo, ó parí. Ẹ ò rí i pé ọmọ iṣẹ́ ayánilówó sógúndogójì ni Rocky, tó ń bá ọ̀gá gbowó èlé, tí àánú onígbèsè sì tún ń ṣe é. Ẹ ò rí i níbi tó ti ń bá ìjàpá méjì sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ẹ ò rí Adrian, onítìjú tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀sìn, níbi tí Rocky ti ra ìjàpá ọ̀hún. Àwa ará Ìwó, ọmọ odídẹrẹ́, ló yẹ kó mọyì ẹni tó ń tọ́jú ohun ọ̀sìn, àbí?

Nígbà tí ìjà ku ọ̀la, Rocky sọ fún Adrian pé òun mọ̀ pé òun ò lè na Apollo, kí agogo ìparí ṣáà bá òun lórí ìdúró. Tẹ́ ẹ bá fo ibẹ̀ yẹn, ariwo lásán lẹ wò. Ẹ má fò ó!

Ìyá kan tún bi mí bóyá Rocky ṣì wà láyé. Ìyáà mi, kò sẹ́ni tó bí i. Sylvester Stallone ló jókòó kọ ọ́, lẹ́yìn tó rí i lọ́dún 1975 bí Chuck Wepner, tẹ́nikẹ́ni ò kà sí, ṣe bá Muhammad Ali jà dé ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn onísinimá fẹ́ ra ìtàn náà kí wọ́n fi gbajúmọ̀ kan ṣe Rocky. Ó kọ̀, ó ní àfi tóun bá ṣe é. Wọ́n ti wá mọ ère Rocky sí Philadelphia, ìyá ò kúkú jẹ̀bi.

Tó bá jẹ́ ìjà tòótọ́ lẹ fẹ́, Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí ni abẹ̀ṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, Dick Tiger, ti na Gene Fullmer, ní Liberty Stadium, ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Fullmer ò jáde fún ìpele kẹjọ. Ìyẹn tó sinimá ṣe, ẹ̀yin onísinimá wa!

Ẹ tún wá Creed wò, ti ọdún 2015. Ọmọ Apollo ló ń jà níbẹ̀, Rocky tó ti darúgbó ló ń kọ́ ọ. Òun náà ò borí níkẹyìn! Àwọn tó fò dé ìparí ló ń bú u. Mo ti wí?

Ọ̀rọ̀ máàkì: adájọ́ mẹ́ta ni, ẹni tó bá gba ìpele kan gba mẹ́wàá, ẹnì kejì sábà máa ń gba mẹ́sàn-án. Àwọn tá a jọ ń ṣètò ti ń ju ọwọ́ sí mi pé àsìkò ti lọ, ẹ fara mọ́ ìyẹn ná.

Ó ku Million Dollar Baby, 2004, ti Clint Eastwood. Hilary Swank ló ṣe obìnrin agbáwo tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó wá olùkọ́, olùkọ́ sì ní òun kì í kọ́ obìnrin. Mi ò ní sọ ìparí rẹ̀. Ó wúwo. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ti sùn kẹ́ ẹ tó tàn án.