Ojú Ń Rí, Ọpọlọ Ń Túmọ̀

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ gan-an ni a fẹ́ jọ sọ.

Ojú ń rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ni ó ń mọ ìtumọ̀ ohun tí a rí. Ojú dà bí ìránṣẹ́. Ọpọlọ ni ó ń gba iṣẹ́ tí ó jẹ́, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀.

Ọpọlọ wà ní ìdajì méjì nínú agbárí, bí obì gbànja tí a kò tíì là. Iṣan tín-ín-rín bí 200 mílíọ̀nù ni ó so wọ́n pọ̀ bí afárá. Ìdajì òsì ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdajì ọ̀tún ni ó ń darí ti òsì.

Ìríran ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ dúró ní Sáńgó-Ọ̀tà, ẹ kọjú sí afárá ńlá ibẹ̀, ẹ sì tẹjú mọ́ òpó kan. Ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ òsì yín, ìdajì ọ̀tún ọpọlọ ni yóò kọ́kọ́ gba ìròyìn rẹ̀. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìdajì òsì ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Ẹ kíyè sí i: ojú kọ̀ọ̀kan ni ó ń ránṣẹ́ sí ìdajì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn ń gba orí afárá inú ọpọlọ kọjá, tí ìran náà fi ń di ọ̀kan.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn gé afárá yìí fún àwọn kan tí wárápá ń dà láàmú gidigidi. Roger Sperry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wọn wò. Bí wọ́n bá fi àwòrán nǹkan hàn wọ́n fìrí lọ́wọ́ òsì, wọn a ní àwọn kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ ọwọ́ òsì wọn a ṣa nǹkan náà gan-an láàrin ọ̀pọ̀ ohun. Ìdajì ọ̀tún rí i, ó sì mọ̀ ọ́n. Ìdajì òsì, tí ó ni ọ̀rọ̀ ẹnu, kò gbọ́ ìròyìn. Iṣẹ́ yìí ni Sperry fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá gbé ère jáde ní Ọ̀tà, ìdajì ọ̀tún ni ó sábà ń ṣáájú nínú dídá ojú ère náà mọ̀. Bí ẹ bá ń ka pátákó lẹ́bàá títì, ti òsì ni ó ń ṣáájú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ọ̀tà kì í ṣe ọ̀tá, ọ̀tá kì í sì í ṣe ọta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń lo apá kan ṣoṣo. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Kí ni èyí fi kàn wá? Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Bí ó bá ba ìdajì òsì jẹ́, aláìsàn lè mọ̀ yín dáadáa kí ó má lè pe orúkọ yín. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀tún, ó lè jẹ oúnjẹ apá ọ̀tún àwo, kí ó fi ti òsì sílẹ̀, kí ó sì sọdá títì láìrí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lósì. Ẹ má ṣe pè é ní alágídí. Ẹ yí àwo náà fún un; ẹ dì í lọ́wọ́ mú sọdá.

Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu, kí ó má baà fún un lórí. Ẹ sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, nítorí òun ni ó ń fa àrùn yìí jù.

Ẹni tí ó bá mọ bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ yóò mọ bí a ti ń ṣàánú ẹni tí tirẹ̀ ṣàìsàn.